Ìgbà Tí A San Owó Yàrá Gómìnà ní Igbó-Ọrà

Láti ìgbà tí èmi àti Màámi ti ti Ìbàràpá dé, kò sí oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìkẹ́rẹ́ tí kì í kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó mú aṣọ jáde. Wọ́n ti gbọ́ pé yàrá gómìnà la gbà. Àwọn kan ní orí mi ti dàrú, àwọn kan ní mo ti lówó tipẹ́ tí mo ń fi í pamọ́. Ni mo bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, kí gbogbo yín kà á lẹ́ẹ̀kan, kí n lè ráyè ránṣọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í náwó nínàákúnàá. Àjákù aṣọ tí ẹlòmíràn ń dà nù, ìrọ̀rí ni mo ń fi í ṣe. Ohun tó gbé wa rìnrìn-àjò ni pé Fúnmi àbúrò mi, tó ń ṣe tíṣà ní Igbó-Ọrà, tó sì fẹ́ Gàníyù ọmọ ìlú náà, bí ìbejì, obìnrin méjèèjì. Orúnkún Màámi kò jẹ́ ká lè lọ nígbà ìsọmọlórúkọ. Nígbà tó ku ọjọ́ mélòó kan kí àwọn ọmọ pé ogójì ọjọ́, Màámi ní òun ò fi fóònù kí ọmọ ọmọ òun mọ́, òun fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n.

Ìbàdàn

Màámi kò lè jókòó sínú ọkọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, nítorí náà a pinnu láti sùn sí Ìbàdàn. Ilé àlejò méjì kọjú síra wọn níbi tí a sọ̀ sí. Ọ̀kan ní òdòdó lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀ sì ni gbogbo yàrá rẹ̀ wà. Ìlàjì owó rẹ̀ ni èkejì ń gbà. Ẹ mọ èyí tí mo mú.

Màámi wo ilé náà sókè sódò. Ó ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo ní, "Màámi, ojú lásán la fẹ́ dì. Ká tó mọ̀, ilẹ̀ á ti mọ́."

Àjà kẹta ni wọ́n fún wa ní yàrá. Màámi gun àtẹ̀gùn náà bí ẹni ń gun òkè Olósùnta, ó ń dúró, ó ń mí, ó ń pe orúkọ Jésù ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀dì tí a bá níbẹ̀ ti jìn láàárín bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ibi yòówù kí n fẹ̀gbẹ́ lé, orí orúnkún Màámi ni mo ń yí lọ. Fáànù kan wà lókè tó jẹ́ pé ariwo ló ń fẹ́, kì í ṣe atẹ́gùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orúnkún ìyá mi ti wú bí ìbẹ́pẹ.

Ọkùnrin tó ni ilé náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún wa. "Màmá, ẹ sùn dáadáa?"

Màámi ní, "Èmi kọ́ ni kó o bi, ọmọ mi. Ọmọ mi yìí sùn dáadáa. Orí mi ló sùn sí."

Oògùn ìrora, òróró ìpara, àti ìjókòó odidi ìlà kan tí mo san owó rẹ̀ nínú ọkọ̀ kí ó lè na ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ owó tí mo rò pé mo dá sí, ó tún jẹ lé e. Màámi kò bá mi jà. Ìgbà tí ọkọ̀ ṣí ló tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn." Ó wá di ojú rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo pinnu nínú ọkàn mi pé ibi tó dára jù ní gbogbo Ìbàràpá ni ìyá mi máa sùn.

Ìlasa Èrúwà

Tí ẹ bá ti kúrò ní Ìbàdàn tí ẹ forí lé apá Ìbàràpá, igbó á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, ilẹ̀ á là gbalaja, ẹ ó máa rí igi káṣú àti oko ẹ̀gẹ́, ẹ ó sì máa rí ẹ̀gẹ́ bíbó tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, funfun báláú. Àwa tí a gbé àárín òkè dàgbà, ó máa ń ṣe wá bíi pé ẹnì kan ti ṣí òrùlé ayé.

Dírẹ́bà dúró ní Èrúwà kí èrò jẹun. A wọ búkà kan, mo ní kí wọ́n bu iyán fún wa.

Obìnrin tó ń ta oúnjẹ fi àánú wò mí. "Iyán lọ́sàn-án yìí? Ẹ̀yin á ti Èkìtì wá. Ẹ jókòó, ẹ jẹ láfún. Kò ní pa yín."

Ó gbé láfún wá, ó bu ọbẹ̀ ìlasa lé e, ewé ilá ni wọ́n fi ń sè é. Mo ti ki ìka bọ̀ ọ́ nígbà tí bàbá kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní, "Ẹ jẹ ẹ́ dáadáa, ìyá. Ìlasa yìí ló ń jẹ́ ká máa bí ìbejì níbí."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí, mo sì ti bí mẹ́rin. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Màámi kò gbójú sókè nínú àwo tirẹ̀. Ó ní, "Jẹun jàre. Ìkẹ́rẹ́ ni ọkọ rẹ wà."

Gbogbo búkà ló bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní òun ló máa san owó omi tí a mu. A ò mọ̀ ọ́n rí, kò sì bi wá léèrè orúkọ. Mo jẹ ìlasa náà tán. Títí di òní tí mo ń kọ èyí, kò tíì sí ohunkóhun.

Yàrá gómìnà

N kò sọ fún Fúnmi pé òtẹ́ẹ̀lì la máa wọ̀ sí. Èrò mi ni pé ilé tó ní ìkókó méjì kò nílò àlejò méjì. Nígbà tí a dé Igbó-Ọrà, mo ní kí ọlọ́kadà tó gbé ẹrù wa mú wa lọ sí òtẹ́ẹ̀lì tó dára jù, ó sì mú wa lọ síbi ilé tuntun kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ọsàn.

Ọmọbìnrin tó ń gbàlejò níbẹ̀, Bísí ni orúkọ rẹ̀, kúnlẹ̀ kí Màámi. Mo ní yàrá tí kò ní àtẹ̀gùn la fẹ́. Ó ní ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, yàrá gómìnà sì ni.

Màámi ní, "Ṣé gómìnà ti sùn níbẹ̀ rí?"

"Rárá mà. Ṣùgbọ́n tó bá dé, ibẹ̀ ló máa sùn."

Owó tó dá lé e fún ọjọ́ kan, màá rán aṣọ ìyàwó méjì kí n tó rí i. Mo rántí orúnkún, mo rántí àtẹ̀gùn Ìbàdàn, mo san ti ọjọ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà kí ọkàn mi tó ráyè dá sí i.

Pálọ̀ wà lọ́tọ̀, yàrá wà nínú, ilẹ̀kùn tó nípọn wà láàárín wọn. Àga pálọ̀ náà rọ̀ débi pé nígbà tí Màámi jókòó, ńṣe ló ń rì lọ títí orúnkún rẹ̀ fi bá àgbọ̀n rẹ̀ dọ́gba. Ó gbìyànjú láti dìde lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi àti Bísí la jọ fà á jáde. Bẹ́ẹ̀dì ga bí àká, Màámi sì béèrè àpótí tí yóò fi gùn ún. Wọn ò ní àpótí. Kéréètì ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni Bísí dojú rẹ̀ délẹ̀ fún un. A ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Àwo fẹ̀ bí atẹ, ìrẹsì díẹ̀ sì jókòó sáàárín rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé. Màámi gbé ewé kékeré tí wọ́n fi ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́, ó wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ẹran wà níbẹ̀.

Omi gbígbóná nìkan ni kò jẹ́ kí n sunkún. Ó ń rọ̀ láti òkè bí òjò, Màámi sì dúró sábẹ̀ rẹ̀ pẹ́ títí mo fi lọ kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó jáde, ó ń rìn láìfọwọ́ ti ògiri.

Àwọn àna dé

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí a gbọ́ ohùn ènìyàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Gàníyù ló dé, ìyá ọkọ àbúrò mi, pẹ̀lú Gàníyù fúnra rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Àgbà. Ọlọ́kadà tó gbé wa, ọmọ ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n Gàníyù ni. Ní Igbó-Ọrà, kò sí ọlọ́kadà tí kì í ṣe ọmọ ẹnì kan.

Ìyá Gàníyù kúnlẹ̀, Màámi náà fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún kọ̀.

Ìyá Gàníyù ní, "Àna mi, ẹ̀ṣẹ̀ wo la ṣẹ̀ yín? A kun yàrá dè yín. A ra fóòmù tuntun. Ẹ wá lọ gba ilé sí ìta bí ẹni tí kò ní ènìyàn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé nípa orúnkún, nípa Ìbàdàn, nípa àwọn ìkókó. Gbogbo rẹ̀ dún bí irọ́ létí èmi fúnra mi. Bàbá Àgbà gbé ọwọ́ sókè pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì jókòó sínú àga kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè ní ìwúwo. Àga náà gbé e mì. Fìlà rẹ̀ nìkan la ń rí dáadáa. Láti inú ọ̀gbun náà ló ti sọ fún wa pé àna kì í ṣe àlejò, pé ilé tí a bá ti fún ní ọmọ, a ti fún un ní ara wa. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n Gàníyù ní láti yíjú sí ògiri kó má baà rẹ́rìn-ín.

Màámi ní, "Ẹ má bínú. Ìfẹ́ ló mú ọmọ mi ṣe é. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Mo lọ bá Bísí nípa owó. Ó ní ọ̀gá òun sọ pé owó tó bá ti wọlé kì í jáde. Ni a bá fa Bàbá Àgbà yọ nínú àga, àwa mẹ́ta, a kó ẹrù, a sì bá wọn lọ. Yàrá tí wọ́n kùn náà ń rùn ọ̀dà, fóòmù rẹ̀ le, ó sì lọ sílẹ̀, ó bá orúnkún Màámi mu bí ẹni wọ̀n ọ́n. Kọ́kọ́rọ́ yàrá gómìnà wà nínú báàgì mi, ó ń wúwo bí òkúta.

Lábẹ́ igi máńgòrò

Lọ́jọ́ kejì, Gàníyù gbé mi lórí ọ̀kadà lọ kí bàbá rẹ̀ ní abúlé wọn lẹ́bàá Ayétẹ̀, nítorí ẹ̀gúsí ni bàbá ń kó lọ́wọ́, kò lè wálé. Ọ̀nà náà tóóró, koríko ń nà wá lẹ́sẹ̀. Ilé amọ̀ mẹ́ta, adìyẹ, àmù omi kan lábẹ́ igi máńgòrò, abúlé parí.

Bàbá Gàníyù fi iṣu sísun àti epo gbà mí lálejò. Ó tẹ́ ẹní kan sábẹ́ igi, ó ní kí n na ẹ̀yìn. Mo dùbúlẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀, kí wọ́n má baà sọ pé àna Èkìtì ń gbéraga. Ìgbà tí mo lajú, bàbá ti kírun ọ̀sán tán.

Ó ní, "Wọ́n ní ẹ gba yàrá gómìnà. Kí ló wà níbẹ̀ tí kò sí níbí?"

Mo ronú dáadáa, nítorí mo fẹ́ ṣe òótọ́. Mo ní, "Omi gbígbóná, bàbá."

Ó nàka sí garawa kan tó wà láàárín gbàgede. "Àárọ̀ ni mo ti gbé ìyẹn sínú oòrùn. Ẹ lọ fọwọ́ kàn án."

Mo lọ fọwọ́ kàn án. Ó gbóná.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, mo ń ṣírò gbogbo aṣọ tí mo máa rán kí owó yẹn tó padà, mo sì ń bú ara mi nínú ọkàn.

Táyé

Nígbà tí a dé ilé, àwo tó fọ́ wà nílẹ̀. Fúnmi jókòó sórí ẹní, ó ń sunkún láìpariwo.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ bí ilé ìbejì ṣe rí. Láti àárọ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń wọlé. Olúkúlùkù fẹ́ rí Táyé, ó fẹ́ rí Kẹ́hìndé, ó fẹ́ gbé wọn, ó fẹ́ ṣàdúrà, ìyá ọmọ sì gbọ́dọ̀ jókòó kó máa ṣe àmín. Tí Táyé bá sùn, Kẹ́hìndé á jí. Tí àwọn méjèèjì bá sùn, àlejò á dé. Lálẹ́ tí a dé, mo rí i tí Fúnmi bu iyọ̀ sínú ẹ̀kọ mímu, ó sì mu ún tán. Mo fi í ṣẹ̀rín. N kò mọ ohun tí mo ń wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àlejò kan ń ṣàdúrà, ó gùn, Fúnmi sì sùn lọ lórí ìjókòó, Táyé lórí itan rẹ̀. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ. Ìyá Gàníyù ló ń gbé àwo oúnjẹ wọlé. Ó ju àwo sílẹ̀, ó sì gbá ọmọ náà mú níwọ̀n ìka mẹ́rin sí sìmẹ́ǹtì. Táyé kò tilẹ̀ jí.

Fúnmi gbójú sókè sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, n kò mọ̀ pé mo sùn. Mo rò pé àmín ni mo ń ṣe."

Mo ki ọwọ́ bọ báàgì, mo yọ kọ́kọ́rọ́ jáde. Mo ní, "Owó ọjọ́ mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ sùn."

Ìyá Gàníyù wo kọ́kọ́rọ́ náà bí ẹni wo àkekèé. "Òtẹ́ẹ̀lì? Ìyàwó ilé mi, tí kò tíì pé ogójì ọjọ́? Kí ni wọ́n máa sọ nílùú yìí?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwo tó fọ́, àfọ́kù kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tó ṣà á tán, ó dìde.

Ó ní, "Èmi fúnra mi ni màá mú un lọ. Ẹni tó bá lẹ́nu, kó wá sọ ọ́ lójú mi."

Ẹnì kan ṣoṣo ló máa sùn

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Gàníyù wọ aṣọ tó fi ń lọ sí Yídì, ó kó tẹ̀sùbáà sọ́wọ́, ó sì ṣáájú wa wọ òtẹ́ẹ̀lì náà ní ojúmọmọ. Fúnmi tẹ̀ lé e. Èmi gbé Táyé, Màámi gbé Kẹ́hìndé, Gàníyù ru fíláàsì méjì àti ìdí ilédìí kan.

Bísí wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ènìyàn mélòó ló máa sùn, mà?"

Ìyá Gàníyù ní, "Ẹnì kan ṣoṣo."

Fúnmi wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn tó nípọn yẹn. Àwọn ìyá méjèèjì jókòó sí pálọ̀. A fi Màámi sínú àga tó ń gbéni mì, a gbé Kẹ́hìndé lé e láyà, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ kò ti lè já bọ́ láéláé. Ìyá Gàníyù gbé àga onígi sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka tẹ̀sùbáà, ojú rẹ̀ sì sọ fún gbogbo ẹni tó kọjá pé kí wọ́n máa lọ. Tí ebi bá pa ọmọ kan, èmi ni mo ń gbé e wọlé. Fúnmi á yí ẹ̀gbẹ́, á fún un lọ́mú láìlajú, mo dúró tì wọ́n, mo sì ń gbé ọmọ jáde tó bá yó.

Gàníyù padà lọ gba àlejò nílé. Ó ń sọ fún wọn pé ìyá ìbejì wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọn ò fìyẹn lọ, òun ni wọ́n ṣàdúrà fún dípò ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ ti há, ó ní àmín tí òun ṣe lọ́jọ́ kan yìí ju ti gbogbo oṣù ààwẹ̀ lọ.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni Fúnmi wọlé. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló jáde, àmì ìrọ̀rí wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó béèrè ọjọ́ wo ni. Ó jẹ ìrẹsì àwo fífẹ̀ yẹn, ó ní kí wọ́n gbé òmíràn wá, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú ewé. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń wo ọ̀kan, ó ń wo èkejì.

Ó ní, "Etí wọn ò jọra. N kò tíì ráyè wò wọ́n rí."

Ní ọ̀la rẹ̀ a tún mú un wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá owó yẹn tọ́ sí i, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìdáhùn. Fún èmi tí mo lè sùn lórí ẹní lábẹ́ máńgòrò, ìnákúnàá ni. Fún Màámi, omi gbígbóná nìkan ló yẹ ká rà. Ṣùgbọ́n fún Fúnmi, tí wọ́n bá ní kí n ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi san án, n ó gbé e lọ sọ́jà.

Ọjọ́ tí a máa lọ

Ọjọ́ karùn-ún ni owó wa parí, a gbọ́dọ̀ kúrò kí aago méjìlá tó lù. Fúnmi àti àwọn ọmọ wà nílé, ara rẹ̀ ti le. Ìyá Gàníyù bá èmi àti Màámi wá kó ìyókù ilédìí àti fíláàsì. Nígbà tí mo dì í tán, mo rí i tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wo bẹ́ẹ̀dì náà.

Ó ní, "Èmi náà bí ìbejì, ṣáájú Gàníyù. Ọ̀kan padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta." Ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn tó nípọn náà. "Àlejò pọ̀ nígbà yẹn náà. N kò rí ẹni bá mi ti ilẹ̀kùn."

Màámi rọra sún mọ́ ọn. "Àna mi, ẹ wọlé."

"Kí n wá wọlé ṣe kí ni?"

"Ẹ sùn."

Ìyá Gàníyù rẹ́rìn-ín, ó ní kí a má fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé orí tábìlì, ó sì wọlé. Mo ti ilẹ̀kùn. Èmi àti Màámi jókòó sí pálọ̀. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ìhanrun rẹ̀ láti inú.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù, Bísí kan ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó yọjú, ó ní, "Mà, àkókò ti tó o."

Màámi tú etí ìró rẹ̀, ó yọ owó tó ti so síbẹ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ fún ìrìn-àjò àbọ̀ wa. Kò kà á, kò sì wo ojú mi.

Ó ní, "Rọra sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Fi ọjọ́ kan kún un."